Yẹ̀pẹ̀ Ojú Tábìlì

Gbogbo mọ̀lẹ́bí ti buwọ́ lùwé pé kí wọ́n ta ilẹ̀ wa ní Ìgbó Ẹfọ̀n, ó ku èmi. Wọ́n pè mí ní olóríkunkun. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ibojì Màámi wà níbẹ̀. Ni Bùrọ̀dá Ògúnkúnlé, àkọ́bí wa, bá fi ìka kan ilẹ̀, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n nà án sókè: "Fẹ́yìsayọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan ibojì yẹn. Wọ́n á mọ ọgbà yí i ká." Mo bá buwọ́ lù ú.

Tábìlì ni mò ń ṣe, ní Awoyaya. Nígbà tí Tolúwani, ayàwòrán-ilé tó ń kọ́ ẹ́séètì sórí ilẹ̀ náà, fẹ́ ṣe àfihàn àwòṣe rẹ̀ fáwọn tó fẹ́ ra ilé níbẹ̀, èmi ló gbé iṣẹ́ tábìlì rẹ̀ fún. Mo dá àrà sí i: mo gbẹ́ ojú pákó náà jinlẹ̀ bí àwo, kí a da yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ wa gan-an sí i, kí àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n fi páálí ṣe jókòó lé e. Tolúwani ní kí wọ́n bu àpò méjì wá níbi tí wọ́n ń gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́.

Mò ń sẹ́ àpò kejì nígbà tí nǹkan há sójú asẹ́. Ègé sìmẹ́ǹtì ni, wọ́n fi ìṣó kọ ọ́ lára: SÙN RE. Yéè! Bùrọ̀dá ló fọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sórí ibojì Màámi kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ, tẹkún tẹkún.

Mo pè wọ́n. "Bùrọ̀dá, ibojì Màámi ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀ digbí. Ìwọ náà ò jẹ́ kéèyàn sinmi!"

Irọ́ burúkú! Bùrọ̀dá tí wọ́n máa ń sọ kiri pé ìyá ni wúrà. Wọ́n mà ti ta wúrà ọ̀hún. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Lẹ́yìn náà mo da yẹ̀pẹ̀ náà sójú tábìlì, gbogbo rẹ̀.

Lọ́jọ́ àfihàn ní Lẹ́kkí, Bùrọ̀dá wọ agbádá wá. Wọ́n kó àwọn èèyàn ńlá yí tábìlì ká, wọ́n ki ọwọ́ bọ yẹ̀pẹ̀, wọ́n ń fi ìka rin ín. "Àbúrò mi ló ṣe é o," wọ́n ní, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ègé sìmẹ́ǹtì náà kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ wọn.

"Ẹ rọra, Bùrọ̀dá," mo ní. "Màámi lẹ ń fọwọ́ rin yẹn."

Wọ́n kà á. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn. Ọwọ́ wọn ṣì wà nínú yẹ̀pẹ̀ náà, wọn ò lè yọ ọ́.