Omi Tí N Kò Mu ní Kóòtù Ìbarà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ọwọ́ mi ti wálẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Akọ̀wé kílọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ sọ ọ́, ìwé ìròyìn gbà á lẹ́nu rẹ̀, obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì ládùúgbò wa náà sì fi kí mi láàárọ̀: "Kùdí, wọ́n ní o ò mọ bọ́ọ̀lù gbá mọ́." Bó bá jẹ́ lóòótọ́ ni ọwọ́ mi wálẹ̀, ǹ bá gbà. Eléré wo ni ọwọ́ rẹ̀ kì í wálẹ̀ nígbà kan? Ṣùgbọ́n òǹgbẹ ló ṣe mí, òun àti ìtìjú, lójú àwọn àgbà tó jókòó tí wọ́n ń wò mí. Inú ṣì ń bí mi, inú á sì máa bí mi títí n ó fi sọ ọ́ tán.

Ọdún 1980 ni. Kùdírátù ni orúkọ mi, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà, tẹníìsì sì ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun. Bàbá mi ni Alájì Láwàlì tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, òun ló ra rákẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ fún mi nígbà tí àwọn ẹbí ń sọ pé ta ni yóò fẹ́ obìnrin tó ń sáré kiri pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì péńpé. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mi á fẹ́ mi, ẹni tí kò bá fẹ́ mi kó máa lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣe fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe kóòtù tiwa, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Bọ́ọ̀lù máa ń yára lórí rẹ̀, ooru rẹ̀ sì máa ń gba inú bàtà wọlé. Lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dúró níwájú mi? Nínú oṣù Òkúdù ọdún náà nìkan, mo gba ife ní Ìbàdàn, mo gba ọ̀kan ní Èkó, mo gba ọ̀kan ní Bìní. Nígbà tí mo bá na ọwọ́ sókè láti gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, mo ti mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ara mi le, orí mi pé.

Ìgbà yẹn ni àjọ tó ń ṣètò ìdíje wa sọ pé àwọn yóò mú obìnrin kan ṣoṣo lọ sí Améríkà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni yóò fi gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, lórí kóòtù oníṣìmẹ́ńtì bíi tiwa, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé. Ẹni méjì tó bá ta yọ ni yóò pàdé ní kílọ́ọ̀bù Ìbarà, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ògún. Ẹni tó bá borí ni yóò lọ. Mo ti ń rí ara mi nínú ọkọ̀ òfuurufú.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bọ́ sí àárín oṣù Agẹmọ lọ́dún náà. Mo gbààwẹ̀, mo sì ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ni mo pàdánù, tí mo sì fi agbára káká borí nínú méjì mìíràn. N kò ráhùn, Ọlọ́run ni mo ń gbà á fún. Ṣùgbọ́n kóòṣì mi, Búọ̀dá Túbọ̀sún, kò lè pa á mọ́ra. Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni, ó sì mọ aago ìṣínu wa ju èmi gan-an lọ. Ó tọ akọ̀wé kílọ́ọ̀bù lọ, Ọ̀gbẹ́ni Herbert, ó ní kó jọ̀ọ́, kó gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn sí aago méje àárọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Herbert kò tilẹ̀ gbé orí sókè nínú ìwé tó ń kà. "Aago méjì ọ̀sán la kọ sínú ìwé ìpè," ló wí. "Àwọn àlejò wa kì í jí ní kùtùkùtù. Bí ọwọ́ ọmọ yẹn bá sì ti wálẹ̀, Túbọ̀sún, má fi ààwẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde wá.

Ní ọjọ́rú tó ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, nǹkan oṣù mi dé. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí mọ òfin rẹ̀: obìnrin tó bá wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ kírun. Yóò jẹun, yóò mu omi, yóò wá san ààwẹ̀ náà padà tí oṣù bá ti kọjá. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fúnni ní ìsinmi yìí. Inú mi dùn débi pé mo jó nínú yàrá. Lọ́jọ́ Sátidé, n ó mu omi. Ẹ jẹ́ kí Morónkẹ́, ẹni tí a jọ fẹ́ pàdé, máa bọ̀.

Ṣùgbọ́n òfin Ọlọ́run yàtọ̀, òfin ilé wa yàtọ̀. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ìyá mi, Bùsírátù, ti kọ́ mi ní tilé wa. Bí obìnrin kò bá gbààwẹ̀, ọkùnrin kankan kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Wàá jí jẹ sààrì pẹ̀lú gbogbo ilé. Lọ́sàn-án, wàá fajú ro bí ẹni tí ebi ń pa. Ìyá mi á gbé ẹ̀kọ kan àti ife omi tí ó fi àwo dé sẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, wàá wọlé, wàá jẹ ẹ́ ní ìdúró, wàá nu ẹnu, wàá jáde. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wàá bá wọn ṣínu. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni òun fi ṣe é nílé bàbá mi.

"Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ, abẹ́ aṣọ ni kó máa gbé," ó máa ń wí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, a dá ọgbọ́n. Ìyá mi rọ omi tútù sínú fúláàsìkì, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì mi. Ní kílọ́ọ̀bù, yàrá kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù tí àwọn obìnrin ti ń pààrọ̀ aṣọ. Bí sẹ́ẹ̀tì kan bá parí, a máa ń fún eléré láyè díẹ̀. N ó sá wọlé, n ó mu omi mi, n ó jáde. Ta ni yóò mọ̀?

Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ti kó páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti àga àwọn àlejò kún yàrá náà dé àjà, wọ́n sì ti fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ibì kan ṣoṣo tó kù tí eléré lè jókòó sí ni bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹfirí, tó kọjú sí àwọn òǹwòran gan-an. Ta sì ni mo rí ní ìlà iwájú? Bàbá mi ni, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ márùn-ún láti asalátù, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n wá fi ọmọ wọn yangàn.

Fúláàsìkì mi kò kúrò nínú báàgì.

Sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, mo nà án ní mẹ́fà sí mẹ́ta. Morónkẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ, ọmọ tíṣà Mẹ́tọ́díìsì ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n kò lè gba bọ́ọ̀lù ọwọ́ ọ̀tún mi. Mo tún ń ṣíwájú nínú sẹ́ẹ̀tì kejì, géèmù mẹ́rin sí méjì. Oòrùn ti wọ̀ mí lára nígbà náà. Itọ́ ẹnu mi ti ki bí ẹ̀kọ tútù. Bí a bá ti jókòó láti pààrọ̀ ibi, Morónkẹ́ á gbé omi tirẹ̀ sẹ́nu, mo sì ń gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ nítorí omi tó tọ́ sí i.

Búọ̀dá Túbọ̀sún bu omi sínú ife, ó gbé e wá bá mi. Ó rọra sọ̀rọ̀, ó ní, "Kùdí, mu ún. Ètè ẹ ti ń bó. Ọlọ́run kò ní bínú."

Ẹ wò ó, omi náà wà níwájú mi. Ó tọ́ sí mi. Kò sí ààwẹ̀ kankan lọ́rùn mi. Ṣùgbọ́n mo gbé ojú sókè, mo rí aṣọ funfun mẹ́fà, mo sì gbọ́ ohùn ìyá mi nínú orí mi. Mo wá dáhùn kíkan, kí wọ́n lè gbọ́ ọ níwájú lọ́hùn-ún: "Mò ń gbààwẹ̀, sà!"

"Máṣáláhù!" ni àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi kígbe. "Ọmọ Alájì! Ọlọ́run á gbà á!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá mi nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ilẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Kí ni n óò tún sọ? Mo pàdánù sẹ́ẹ̀tì náà ní méje sí márùn-ún. Nínú ìkẹta, bọ́ọ̀lù di méjì lójú mi, ẹsẹ̀ mi kò sì mọ èyí tí yóò sáré lé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin léra ni mo gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ sínú nẹ́ẹ̀tì, èmi tí mo máa ń mọ ibi tí yóò balẹ̀. Mẹ́fà sí ọ̀kan. Mo lọ bọ Morónkẹ́ lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Herbert gba gbohùngbohùn, ó kí Morónkẹ́ kú oríire, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó ṣeni láàánú pé ọwọ́ Kùdírátù ti wálẹ̀ ní àkókò tí kò yẹ. Àwọn oníròyìn kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ sílé. Àwa méjì péré la wà nínú rẹ̀. Ó wakọ̀ kúrò ní Ìbarà. Nígbà tó yá, ó tún ọ̀fun ṣe.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló wí, "kí ló dé tí o ò mu omi? Ṣebí o ò kúkú gbààwẹ̀ lónìí."

Mo rò pé òǹgbẹ ló ń dà mí láàmú létí. "Kí lẹ wí, Baba?"

"Láti ọjọ́rú ni o ò ti bá wa tò kírun. Ṣé o rò pé n ò lójú ni? Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni ìyá ẹ ti ń gbé ẹ̀kọ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Gbogbo ọkùnrin tó níyàwó ló mọ̀. A kàn ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ni, kí ojú má baà tì yín."

"Àwọn ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Àwọn tó ń ké Máṣáláhù?"

"Àwọn náà lọ́mọbìnrin nílé."

Mo ní, "Baba, ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀ pé mo lè mu omi, ẹ rí i pé òǹgbẹ ń pa mí kú lọ, ẹ sì jókòó. Bí ẹ bá mi orí sí mi lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá mu ún. Kí ló dé?"

Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà. "Láàárín gbogbo èèyàn yẹn? Kí n wá ní kí ọmọ mi mu omi lọ́sàn-án ààwẹ̀? Ojú á tì mí, Kùdírátù."

Ojú á tì í. Nítorí kí ojú má tì í ni mo ṣe pàdánù Améríkà. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́fà ló wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà, orí mi wọ́ lójú wọn, márùn-ún nínú wọn sì pàtẹ́wọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àílà, àwọn márààrún wá kí bàbá mi. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé, níbi tí gbogbo Ìtòkú ti ń kọjá. Mo wà nínú yàrá, mò ń gbọ́ wọn. "Ẹ má banú jẹ́, Alájì," ni ọ̀kan wí. "Ọmọ yín gbààwẹ̀ nínú oòrùn yẹn, kò yẹsẹ̀. Èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run."

Ìyá mi fọwọ́ pè mí. Ó ti gbé ife omi sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó fi àwo dé e, bó ti máa ń ṣe. Mo ṣí àwo náà kúrò, mo fi lé e lọ́wọ́. Mo gbé ife náà, mo gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ó di aṣọ mi mú, "Kùdí, níbo lò ń lọ?" Mo rọra já ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Mo dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ọmọ kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá. Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín." Wọ́n dáhùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi.

"Èmi ò gbààwẹ̀ lónìí," mo wí. "N ò sì gbà á lánàá. Ẹ̀yin náà sì mọ̀."

Mo dìde, mo gbé ife náà sẹ́nu lójú wọn, n kò yára. Ọ̀kan ń wo tẹ̀sùbáà rẹ̀ bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Bàbá mi gbé ojú sílẹ̀, bó ti ṣe ní kóòtù. Ìyá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo lásán lọ́wọ́, kò sì pè mí wọlé mọ́.

Omi náà tutù. Ọjọ́ kan péré ni mo fi pẹ́ kí n tó mu ún.