Ọsàn Bíbó Lórí Igi

Níran fẹ́ fẹ́ èmi Péjú, ayọ̀ ò sì jẹ́ kí n lè jókòó! Sójà Nàìjíríà ni, ó wá bá wa pa iná ogun ní Monrovia. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dá wọn padà sílé. Bàbá mi, Àlùkò télọ̀, nìkan ló kọ̀. Ó nawọ́ sí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa ní Duport Road, èyí tí kò so rí láyé.

"Ọjọ́ tí mo bá rí ọsàn lórí igi yẹn ni màá fún ọ lọ́mọ mi, Níran."

Ẹ ò rí ìkà!

Olólùfẹ́ mi wá àpò ajílẹ̀ òyìnbó kan rí, ó da gbogbo rẹ̀ jọ gègèrè sí ìdí igi. Ó rò pé bí oúnjẹ bá ti pọ̀, èso á yá. Kò pẹ́ tí ewé fi pọ́n, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́wé.

Ìyá mi Elizabeth, ọmọ Làìbéríà pọ́ńbélé, figbe ta. "Aye, my people! You feeding the tree or you killing it? Small-small, far from the foot, then plenty water! And no touch it with empty hand. Péjú, move my chicken!"

Ni odidi sójà bá fi ọ̀rá di ọwọ́, ó ń fi ṣọ́bìrì kó ajílẹ̀ kúrò, ó ń pọn omi láti kànga, ó ń dà á sí i kí gbòǹgbò má baà jó tán.

Igi ò kú, ṣùgbọ́n ọsàn ò sí, ọjọ́ sì ń lọ. Níran sáré lọ ra ọsàn lọ́jà, ó fi òwú bàbá mi so wọ́n mọ́ ẹ̀ka. Nígbà tí mo rí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú. Ọsàn tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ bó fún mímu ló rà!

Kí n tó lè já wọn, bàbá mi ti yọ. Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu mi. Bí ó bá bínú, mo ti pàdánù ọkọ nìyẹn.

"Níran, igi wo ló ń so ọsàn bíbó?"

"Bàbá, ó mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa mu ún ni, sà."

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú. Láti ìgbà tí ogun ti dé, mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú mi. Ó já ọsàn kan, ó gé orí rẹ̀, ó mu ún gbẹ.

"Mo ní bí mo bá rí ọsàn. Mo ti rí i. Lọ sọ fún àwọn èèyàn rẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pọn omi sí i. Mi ò fẹ́ kí igi tó fún ọmọ mi lọ́kọ kú."