Ẹ̀rí Oníbúrẹ́dì

"Ẹsẹ̀ mi ti wú, nọ́ọ̀sì. Ṣé o ò rí i ni?" Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta yàrá kẹta nílé ìṣẹ̀ǹbáyé, ó sì bọ́ bàtà kan.

Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò tíì sùn. Láti wọ́ọ̀dù tó ti ṣiṣẹ́ mọ́jú ló ti wá tààrà, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti yẹ àdéhùn pé àwọn méjèèjì á jọ wá síbí. Ọdún mẹ́rìnlélógójì sẹ́yìn ni omíyalé gba àdúgbò wọn, tó sì gbé bàbá wọn lọ pẹ̀lú àwọn mìíràn. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní ìrántí omíyalé náà, orúkọ bàbá wọn wà lára ògiri. Àwọn méjèèjì ti rí i, wọ́n sì ti fọwọ́ kàn án.

"Ó ku yàrá kan péré, Aǹtí mi. Ẹ sinmi, mò ń bọ̀."

"Má wọ ibẹ̀."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti pàṣẹ fáwọn ọmọ iṣẹ́ títí tó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì wọlé.

Fọ́tò àwọn tó yè ni wọ́n tò síbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí èèyàn lè fi sétí gbọ́ ohùn wọn. Ó dá ìyá oníbúrẹ́dì mọ̀, tí wọ́n jọ gbé ilé kan náà nígbà náà, tó sì kú léṣìí. Ó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ sétí.

"Gbogbo wa ti wà lórí òrùlé," ni ohùn náà wí. "Ọmọbìnrin kékeré bàbá tá a jọ ń gbélé nìkan la ò rí. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sá sí. Bàbá náà padà wọlé lọ mú un, ó nà án sókè lójú fèrèsé, ẹ̀gbọ́n ọmọ náà sì gbà á. Kí òun náà tó jáde, omi ti gbé e lọ."

Nọ́ọ̀sì jáde síta.

"Ẹ ní ẹrù ni bàbá padà lọ kó."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbójú sókè. "Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ẹ́ nígbà náà. Lójoojúmọ́ lò ń bi mí ìdí tó fi padà wọlé. Ọmọ ọdún méjìlá lèmi náà, kí ni kí n sọ?"

"Mo ti ń sún mọ́ àádọ́ta báyìí! Mo ti bú u títí nítorí ẹrù yẹn. Ẹ̀ ń gbọ́, ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

"Mò ń gbọ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ti rẹ̀ mí, àbúrò mi. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí."

Nọ́ọ̀sì jókòó tì í. Ìbínú wà nínú rẹ̀, àmọ́ kò rí agbára tó máa fi gbé e jáde.

"Ẹ máa sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin," ló sọ níkẹyìn. "Àmọ́ kì í ṣe lónìí. Ẹ jẹ́ kí n sùn ná."

"Mo gbọ́. Àmọ́ gba èyí kan dání lọ." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nu ojú rẹ̀. "Bàbá ń rẹ́rìn-ín nígbà tó nà ẹ́ sí mi. Ó ní o wúwo ju bó o ṣe rí lọ."

Nọ́ọ̀sì di apá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, wọ́n dìde, wọ́n sì rọra ń lọ.