Erékùṣù Tí Tatigat Fẹ́ Sọ Lórúkọ

"Ibi Tí Nujaq Ti Dúró," ni Tatigat wí, ó fi ìka lé erékùṣù kékeré kan lórí máàpù. "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."

Leetia, ìyàwó rẹ̀, gbé ife tíì sílẹ̀. Nujaq ni ìyàwó tí Tatigat kọ́kọ́ fẹ́. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, àmọ́ nínú gbọ̀ngán ìlú Ikpiarjuk, ní ilẹ̀ yìnyín ìhà àríwá, lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àfi bíi pé ó wọlé wá jókòó tì wọ́n.

Rhoda, ọmọbìnrin tó ń kó orúkọ ilẹ̀ jọ fún máàpù náà, ní, "Bàbá, ta ló ń dúró dè níbẹ̀? Ṣebí ẹnikẹ́ni ò gbébẹ̀."

"Èmi ni. Mo lọ ṣọdẹ lórí òkun dídì, yìnyín já, ó gbé mi lọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Nujaq fi ń tan iná ọ̀rá séàlì, ẹran òkun, lórí àpáta yẹn kí n lè rí ọ̀nà bọ̀." Ojú rẹ̀ ń dán.

Ọgbọ̀n ọdún ni Leetia ti ń rán bàtà awọ fún ọkùnrin yìí, ojú rẹ̀ ò dán báyẹn rí nítorí tirẹ̀.

"Àgbà méjì ló gbọ́dọ̀ fẹnu kò kí n tó kọ orúkọ sílẹ̀," ni Rhoda wí. "Ta ló tún mọ ibẹ̀?"

Leetia nìkan ló kù. Bó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ọ̀rọ̀ Nujaq tán nìyẹn. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Leetia nígbà náà, ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Láti àgọ́ bàbá rẹ̀ ló ti fojú ara rẹ̀ rí iná yẹn.

"Òótọ́ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n àwa kì í fi orúkọ èèyàn sọ ilẹ̀. Àwọn òyìnbó ló ń ṣèyẹn. Kọ ọ́ báyìí: Ibi Tí Wọ́n Ti Tanná De Ọdẹ."

Tatigat mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àṣà wí. Ó tẹrí ba, Rhoda sì kọ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń lọ sílé, Tatigat ní, "Ìyá Paloosi, o mọ̀ọ́mọ̀ yọ orúkọ ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́. Mò ń jowú."

"Ẹni tó ti kú?"

"Ẹni tó ti kú yẹn ló ń bá wa jẹun lójoojúmọ́. Èmi náà ń gbé àtùpà sójú fèrèsé nígbàkigbà tẹ́ ẹ bá lọ ṣọdẹ, Bàbá Paloosi. Ta ló máa kọ ìyẹn sórí máàpù?"

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Tatigat dúró níbẹ̀, ó ń wo fèrèsé náà.

"Láti orí yìnyín lọ́hùn-ún ni mo ti máa ń rí iná àtùpà rẹ," ló wí. "Òun ni mò ń wò bọ̀ wálé."

Leetia ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kó tètè wọlé, òtútù ti pọ̀ jù.