Férémù Tí Òòlù Ò Kàn

Iṣẹ́ fífọ́ niṣẹ́ mi, ẹ má wulẹ̀ fi mí rẹ́rìn-ín. Nílé iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ wa, ìyá kan náà ló bí gbogbo férémù, egungun irin tí kẹ̀kẹ́ dúró lé. Yàrá sítíkà tí ẹ̀gbọ́n mi ń darí ni wọ́n ti ń di ọmọ bàbá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orúkọ kẹ̀kẹ́ méje ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n á ta ọ̀kan ní ìlọ́po mẹ́rin ìkejì, irin ò kúkú mọ̀.

Èyí tí ojú ibi tí wọ́n fi iná jó pọ̀ bá sán, èmi ni wọ́n ń gbé e fún kí wọ́n tó kùn ún lọ́dà. Òòlù méjì lọ́rùn, ó parí. Òfin ibẹ̀ ò le: èyí tí òòlù ò bá kàn, ó dára.

Ẹ̀gbọ́n mi fún ọmọbìnrin mi ní kẹ̀kẹ́ kan, orúkọ tó wọ́n jù ló wà lára ẹ̀. Ní Sátidé, ọmọ ń sáré bọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé, ọrùn kẹ̀kẹ́ já. Àgbọ̀n ọmọ mi fọ́ sí méjì. Eyín mẹ́rin ni mo ṣà nínú iyanrìn. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo yẹ ojú irin náà wò, ọ̀dà ti wọnú ibi tó sán. Ó ti sán kí wọ́n tó kùn ún.

Ní Mọ́ńdè, mo gbé òòlù lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò kí i. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi ń lẹ sítíkà ni mo kọ́kọ́ gbá mọ́ tábìlì, mo gbọ́ bí egungun ṣe ró. Mo gbé e ṣánlẹ̀, mo fún un lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ imú ẹ̀ ta sí mi láṣọ. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́.

"Irin tó ti sán lo kó fọ́mọ mi," mo ní. Mi ò pè é ní "ìwọ" rí láyé mi. "O ò bá kúkú gún un lọ́bẹ."

Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ara ògiri ọ̀dọ̀ ẹ ni mo ti mú un, láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, kí o tó dé. Mẹ́rin ni wọ́n. Òòlù ò kàn wọ́n."

Mo yọ ọwọ́ lọ́rùn ẹ̀. Fúráìdé kan ni, ọwọ́ ń ro mí, mo fi mẹ́rin tó sán ti ògiri láìfọ́ wọn, mo ní ó di Mọ́ńdè. Nígbà tí mo dé tí mi ò bá wọn mọ́, mo dúpẹ́ pé ẹnì kan ti bá mi fọ́ wọn. Ìyà ọ̀lẹ mi, ọmọ mi ló jẹ ẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ síwájú ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó di ọwọ́ fífọ́ náà mọ́ àyà, kò wojú mi.

"Gbé mi dìde," ó ní. "Mẹ́ta yòókù ti bá ọkọ̀ lọ. Mi ò rántí orúkọ tí mo lẹ̀ mọ́ wọn."