Àga Kan Lẹ́yìn Kóòṣì

Ní Òṣogbo, lọ́dún kejì tí ogun parí, kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń ba àwọn èèyàn lọ́kàn jẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n fìdí rẹmi títí ó fi sú wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá ọ̀mì, ṣe ni wọ́n máa ń jó wálé bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Orí kóòṣì ni gbogbo rẹ̀ sì já lé. Silas Ọlọ́rundáre lorúkọ rẹ̀, ọmọ Iléṣà, ọkùnrin gíga tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, kì í wẹ̀yìn, kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ̀rọ̀. Ó ti lé ọ̀gá ńlá kan kúrò lẹ́yìn ara rẹ̀ rí, nítorí pé ìyẹn wá ń bi í ní ìbéèrè nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lójú ilé.

Ọ̀rọ̀ Adéjọbí ló dá wàhálà sílẹ̀. Adéjọbí ló ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wọn, àwọn tó ń tajà ní téṣàn sì mọ orúkọ rẹ̀ ju ti ọ̀gá téṣàn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé ibi ìgbáradì, ni Silas bá ní kó lọ jókòó. Adéjọbí jókòó, gòólù náà sì bá a jókòó.

Béjidé, tó ń fi àsíá júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú irin, wà lára àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn yàrá fìtílà, níbi tí wọ́n ń kó fìtílà rélùwéè sí ní téṣàn, ni wọ́n ti ń pàdé ní Sátidé. Olúkúlùkù ló ní àga onípákó tirẹ̀, tó fi ọ̀dà funfun rélùwéè kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀. Fàájì lèyí jẹ́ fún àwọn yòókù. Ní ti Béjidé, ohun tó kù fún un nìyẹn. Làbákẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò bímọ, ilé rẹ̀ ní kọ́tà òṣìṣẹ́ rélùwéè sì ti dákẹ́ débi pé ìró ṣíbí tirẹ̀ nínú àwo máa ń ta á létí. Láti ọjọ́ Àìkú títí di ọjọ́ Ẹtì, ó lè má sọ ju ẹ káàárọ̀ lọ.

Nígbà tí Làbákẹ́ kú, àwọn èèyàn wá, wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n lọ. Silas nìkan ló ń padà wá. Bó bá ti ìgbáradì dé, á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, á jókòó. Kì í sọ fún un pé kó mọ́kàn le. Wọ́n á jẹ iṣu sísun àti epo, Silas á sì kí i pé ó dàárọ̀. Béjidé kò sọ fún un rí pé lọ́jọ́ tí kò bá yà, òun kì í dáná.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n bá àwọn Iléṣà gbá, ọ̀rọ̀ bẹ́ lábẹ́ máńgòrò. Fákúnlé, akọ̀wé tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ló kọ́kọ́ dìde. Bó ṣe ń ta tíkẹ́ẹ̀tì náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo èèyàn kúrò níwájú òun.

"Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. Ọkùnrin yìí ti tán. Ó gbé ẹni tó lè gbá a wọlé jókòó, ó wá ń kó àwọn tí kò mọ ojú ilé sórí pápá. Ní Sátidé, àwọn ará ilé rẹ̀ là ń bá gbá. Ṣé ẹ rò pé ó máa fẹ́ ká nà wọ́n?"

"Ìyẹn kọ́," Oyèṣọlá dá a lóhùn. Awakọ̀ ojú irin ni Oyèṣọlá, ó sanra, ó sì fẹ́ràn àwàdà. "Ìwọ náà rò ó wò. Ìjẹ̀ṣà wo lo rí tó ń fi nǹkan ta èèyàn lọ́rẹ?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Béjidé dúró títí ẹ̀rín náà fi tán.

"Ta ló kọ́ Adéjọbí ní bọ́ọ̀lù?" ó ní. "Silas náà ni. Nígbà tí a ń borí, ẹ gbé e léjìká láti pápá dé téṣàn. Èjìká wo ló wá ń dùn yín báyìí?"

"Béjidé, ọ̀rẹ́ rẹ ni," Fákúnlé ní. "A mọ̀. Àmọ́ ọ̀rẹ́ kì í ṣe gòólù."

Wọn kì í dìbò nínú ẹgbẹ́ yìí. Ìgbà kan wà tí wọ́n nawọ́ sókè, ìjà ló dà, wọ́n sì fa ẹ̀wù ara wọn ya. Láti ìgbà náà, àga ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ eré, ẹni tó bá fẹ́ kí kóòṣì dúró á gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn kóòṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tó gba ẹ̀bá pápá. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ mọ́ á gbé tirẹ̀ sọdá sí òdìkejì pápá, kí kóòṣì lè máa rí i lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá ti gbé àga kalẹ̀ kò gbọdọ̀ tún la ẹnu lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mọ òfin yìí, Silas náà mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń tú ká, Oyèṣọlá rọra sọ sí Béjidé létí pé àwọn méjèèjì ni yóò jọ jókòó sẹ́yìn Silas. Fákúnlé ní tirẹ̀ kò rọra sọ ọ́. Ó ní bí Béjidé bá fẹ́ dá dúró, kó má retí pé àwọn yóò máa bá a ṣeré bíi tàná. Béjidé ń rò ó lọ sílé. Èèyàn mélòó ló kù tó ń pe orúkọ rẹ̀?

Ní Sátidé, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn pẹ́. Béjidé dúró ní ìdí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àsíá lọ́wọ́, kò lè kúrò. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ fèrè tí rẹfirí fi bẹ̀rẹ̀ eré. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá tán, ó ká àsíá, ó gbé àga rẹ̀ jáde ní yàrá fìtílà, ó gbé e lérí, ó sáré.

Gbogbo àga wà ní òdìkejì. Ti Oyèṣọlá wà níbẹ̀, Oyèṣọlá fúnra rẹ̀ sì ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù. Fákúnlé nawọ́, ó fi àyè kan han Béjidé láàárín wọn, àyè tí wọ́n dìídì fi sílẹ̀ fún un. Ó dùn ún pé wọ́n fi àyè náà sílẹ̀. Ìbá rọrùn ká ní wọ́n ti dí i.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ, ó sì gbé àga rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn Silas. Ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò títí eré fi parí: èjìká tó tẹ̀ díẹ̀, fìlà, ọwọ́ méjèèjì tó kó sẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kan, ó fẹ́ wúkọ́, ó gbé e mì. Ṣebí àga ti sọ ọ́. Àwọn Iléṣà gbá gòólù méjì wọlé, òjò sì dé kí ìkejì tó tutù. Nígbà tí fèrè ìparí dún, Silas bọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣí fìlà sí àwọn tó wà ní òdìkejì, ó sì gba àárín pápá kọjá lọ sínú lọ́rì àwọn ará Iléṣà. Òjò ń pa Béjidé lórí àga.

Wọ́n gba kóòṣì tuntun. Adéjọbí padà sórí pápá. Àwọn ọ̀rẹ́ Béjidé kò bá a jà, wọ́n kàn ń kí i, wọ́n á sì yíjú. Ó gbà bẹ́ẹ̀, òun ló yàn án. Ohun tí kò lè gbà ni ti Silas. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń sun iṣu ẹni méjì, á sì máa wo ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i. Òun tí òun dá jókòó nítorí rẹ̀, ẹ ṣeun lásán kò tọ́ sí òun?

Lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀ kan, ó wọkọ̀ lọ sí Iléṣà. Wọ́n júwe ilé kan fún un nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Phebe, ẹ̀gbọ́n Silas lóbìnrin, ló bá lójúde, tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì.

"Ẹ káàsán mà. Kóòṣì Silas ni mo wá kí."

Màmá náà wò ó, ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ìrẹsì. "Ìwọ ni Béjidé," ó ní. Ìjẹ̀ṣà ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó ń rọ̀ ọ́ nítorí àlejò.

"Ẹ mọ̀ mí ni, mà?"

"Mo ti rí ọ. Silas ti lọ Kánò, ó ríṣẹ́ síbẹ̀. Èmi ni mo sìn ín dé téṣàn yín. O dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, o di àsíá mú, òun ló fi ọ́ hàn mí. Mo ní kó lọ kí ọ. Ó ní o ti kí òun ní Sátidé."

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà, mà," Béjidé ní. "Èmi nìkan ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀."

"Ó ní kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun bojú wẹ̀yìn. Koríko lásán ni. Ó ní òun ò ka ti àwọn yòókù sí, ìwọ ni òun ń wò fún."

"Ọkọ̀ ló pẹ́, mà."

Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu rẹ̀. Phebe gbé àwo ìrẹsì sílẹ̀, ó ní kó jókòó, ó bu omi fún un. Ó ní bí Silas bá ránṣẹ́ sílé, òun yóò sọ fún un, ṣùgbọ́n kò tíì ránṣẹ́. Béjidé mu omi náà tán. Ní gbogbo ọ̀nà padà sí Òṣogbo, ohun kan ṣoṣo ló ń rò: òun fúnra òun ló na àsíá aláwọ̀ ewé fún ọkọ̀ tó gbé Silas lọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Oyèṣọlá wá bá a ní yàrá fìtílà. Kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní àwọn ti sún ara, kó gbé àga rẹ̀ wá sábẹ́ máńgòrò. Béjidé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àga náà, ó sì kọjá máńgòrò lọ sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí orúkọ wà, sí ibi tí ọkọ̀ Kánò ń gbà bọ̀.

Ibẹ̀ ni àga náà wà títí di òní. Béjidé kì í jókòó lé e. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ láti òkè Ọya, á dúró tì í, á na àsíá, á sì máa wo ojú fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ á fi kọjá tán.