Sípíríǹgì Tó Ń Retí Ẹni Méjì

Bísíríyù ọkọ mi ló fún sípíríǹgì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn le tó bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń gun òkè, tó ní sípíríǹgì ńlá kan lábẹ́ ìjókòó. Wọn ò ṣe é láti fi gbé èrò. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra kẹ̀kẹ́ ní Ìgbògbò tí kò ní gbé ìyàwó ẹ̀ sẹ́yìn? Ó ní kí wẹ́dà jó irin ìjókòó mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo gùn ún, táyà bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Ló bá mú òòlù, ó ń kan òrùka tó di sípíríǹgì náà mú, ó ń yí i, ó ń fún un, títí táyà fi jìnnà sí irin.

Ó ní sípíríǹgì ti mọ ìwúwo wa nìyẹn. A jọ ń gùn ún lọ sí Garage, ọwọ́ mi nínú ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, àwọn ọlọ́kadà ń bú wa, èmi náà ń bú wọn padà. Ẹni tó máa bú mi tí màá dákẹ́, wọn ò tíì bí i.

Lẹ́yìn náà ni bàbá ẹ̀ kú ní Ẹ̀pẹ́. Ó lọ sin ín, ó sì dúró ti ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n tí bàbá fi sílẹ̀. Ó ní tí Iléyá bá ti kọjá, òun ń bọ̀. Iléyá kọjá. Òmíràn tún kọjá.

Aránṣọ ni mí. Àwọn ìyá inú ẹ́síteètì tó ń jí lọ síṣẹ́ ní Èkó kì í ráyè wá gba aṣọ wọn, èmi ni mò ń gbé e lọ bá wọn. Kẹ̀kẹ́ náà ni mo wá ń gùn fúnra mi, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni sípíríǹgì yẹn sì ń kó wọ ìbàdí mi. Nígbà tí mi ò lè jókòó ti maṣíìnì mọ́, mo ti kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ Làtífù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí.

Ó ní kí n jókòó lé e bí mo ṣe máa ń jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń wo sípíríǹgì. Kò mì. Ó ní kí n fi ara tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò mì náà ni.

"Àǹtí, sípíríǹgì yìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé èèyàn wà lórí òun. Ẹni méjì ló ń retí."

Mo ní kó mójú tó iṣẹ́ ẹ̀, kó yé wo ìdí mi. Ó ní kò kúkú sí nǹkan tí èèyàn ń wò níbẹ̀, ohun tí sípíríǹgì gan-an ń sọ nìyẹn. Ó da kẹrosíìnì sí òrùka tó ti dípẹtà, ó gbé òòlù. Mo ní kó dúró ná.

Mo lọ sábẹ́ agboòrùn Ṣẹ̀rífátù oníkóòlù, mo fi fóònù ẹ̀ pe Ẹ̀pẹ́. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún Bísíríyù, kòtò, ìbàdí, òrùka tó dípẹtà.

"Làtífù ti gbé òòlù," mo ní. "Ṣé kó dẹ̀ ẹ́, àbí ẹ ń bọ̀?"

Mò ń gbọ́ ẹnì kan tó ń ná ẹja lẹ́yìn ẹ̀.

"Rọ̀kíbátù, jẹ́ kó dẹ̀ ẹ́. Má jẹ́ kó ba ìbàdí rẹ jẹ́ nítorí tèmi."

Èébú ti dé ètè mi. Mo gbé e mì, mo sanwó fún Ṣẹ̀rífátù.

Mo padà sọ́dọ̀ Làtífù, mo ní kó dẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kó tó kàn án, mo yọ kútẹ́ẹ̀sì pupa látinú báàgì mi, mo fi sàmì sí ibi tí Bísíríyù fún òrùka náà dé, lára irin gan-an. Ó bi mí pé kí nìyẹn wà fún.

"Kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá fún ẹ, Làtífù, mi ò gbé ilé mi wá."

Ó kàn án, òrùka ń yí, ó ń kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì mi díẹ̀díẹ̀. Mo gùn ún lọ sílé. Kẹ̀kẹ́ wọ kòtò, ó rọra jáde, ìbàdí ò dùn mí. Níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ jù, mo na ọwọ́ kan sẹ́yìn, mo di irin ìjókòó tó ṣófo mú.

Ọ̀rinrin òjò máa ń ṣí kútẹ́ẹ̀sì yẹn. Bó bá ti ń ṣí, mo máa ń tún un kùn.